Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìrìn-àjò Jigoro Kano, Ọ̀gá Ìjàkadì Ilẹ̀ Jàpáànì

Ọ̀rọ̀ ìjàkadì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí ọmọ Yorùbá, nítorí kò sí ẹni tí yóò ki ọmọ Ọ̀fà délẹ̀ tí kò ní dárúkọ ìjàkadì tí í ṣe orò ilé wọn. Ṣùgbọ́n akọni tí mo gbé wá fún yín lónìí, òkè òkun lọ́hùn-ún ni ilé tirẹ̀ wà, ní ilẹ̀ Jàpáànì, níbi tí oòrùn ti ń yọ kí ó tó máa rìn bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Jigoro Kano ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó dá ìjà júdò sílẹ̀, èyí ni gbogbo ayé sì fi mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tí ó fi tó ẹni àádọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kún ilẹ̀ Jàpáànì tí wọ́n sì ti dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò yé kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn láti bèèrè ọgbọ́n, bí kò bá sì lè lọ fúnra rẹ̀, a rán ọmọ.

Ní ọdún 1860 ni wọ́n bí i ní Mikage, ìlú etí òkun kan nítòsí Kobe, sínú ìdílé àwọn apọntí, àwọn tí ń fi ìrẹsì pọn ọtí sake tí àwọn ará Jàpáànì ń mu níbi ayẹyẹ. Ilé ọlá ni, ilé owó sì ni. Ikú mú ìyá rẹ̀ lọ nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, baba rẹ̀ sì mú un lọ sí Tókíò kí ó lè kàwé, kí ó sì gbọ́ èdè òyìnbó. Yorùbá a máa wí pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí Kano ní kékeré tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí yóò di ọ̀gá oníjà, nítorí ó kéré ní ìdúró, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lára, kódà nígbà tí ó dàgbà tán, gíga rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méjì lọ. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó jí pépé, ìyẹn gan-an ni ó sì dá kún ìyà rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí apá wọn ki ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n jọ ń gbé kò fẹ́ kí irú ọmọ kékeré yìí máa fi ìwé borí wọn, bí wọ́n bá sì ti jáde ní kíláàsì, òun ni wọn yóò fi ṣe ìlù.

Ó ti gbọ́ pé ọgbọ́n ìjà àtijọ́ kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní jújítsù, èyí tí aláìlágbára fi lè dá alágbára lulẹ̀. Ó bẹ ọ̀rẹ́ ìdílé wọn kan, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lábẹ́ ìjọba àtijọ́, pé kí ó kọ́ òun. Ọkùnrin náà fi díẹ̀ hàn án, ó ní kí ó lọ jókòó ti ìwé rẹ̀, pé ayé ti kọjá irú èyí. Ó bẹ baba rẹ̀, baba kò gbà.

A kò sì lè dá àwọn àgbà wọ̀nyí lẹ́bi. Ní ọdún 1868 ni ìjọba yí padà ní Jàpáànì, tí àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ shogun tí í ṣe olórí ogun, tí ó sì padà sọ́wọ́ ọba Meiji. Láti ìgbà náà lọ ni ojú gbogbo ìlú ti yí sí ọkọ̀ ojú irin, sí ìbọn, sí ìwé àti aṣọ òyìnbó, nígbà tí ó sì di ọdún 1876, òfin jáde pé àwọn samurai, àwọn tí iṣẹ́ ogun jẹ́ ogún ìdílé wọn, kò gbọdọ̀ fi idà kọ́ ìhà rìn ní ìgboro mọ́. Àwọn ọ̀gá ìjà tí ìjòyè ń bọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ kiri. Àwọn kan ń jà fún òǹwòran kí wọ́n lè rí kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn lo ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa oríkèé ara, wọ́n di ẹni tí ń to eegun. Ọmọ apọntí Mikage mọ èyí, nítorí náà nígbà tí ó wọ Yunifásítì Tókíò ní ọdún 1877, tí kò tún sí ẹni tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́, ó ń rìn kiri ìgboro, ó ń wo pátákó àwọn tí ń to eegun, ibi tí ó bá sì ti rí ọ̀kan, a wọlé, a bèèrè bóyá baba onílé mọ jújítsù. Ọ̀pọ̀ ni ó lé e jáde. Baba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yagi Teinosuke ni ó gbà á tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ó ní yàrá òun kéré jù láti jà nínú rẹ̀, ó sì júwe ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un, ìyẹn Fukuda Hachinosuke, ọ̀gá nínú ìdílé jújítsù tí wọ́n ń pè ní Tenjin Shin'yo.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nílé Fukuda, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti dùn jù. Lọ́jọ́ kan, baba náà gbé Kano ṣubú lọ́nà kan tí ó yà á lẹ́nu. Kano dìde, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó bi baba pé níbo ni ẹ fi ọwọ́ yín sí, níbo ni ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kà. Baba ní kí ó sún mọ́ òun, ó sì tún gbé e ṣubú. Kano dìde, ó tún béèrè. Baba tún dá a dùbúlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí, kí baba tó wí fún un pé a kì í fi àlàyé kọ́ irú èyí, iye ìgbà tí ènìyàn bá ṣe é ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Kano sì kọ́ ọ lóòótọ́, nítorí ara rẹ̀ bó, ó dégbò, ó ń fi oògùn ìpara ra ara lálaalẹ́ débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ní tèmi, mo gbà pé baba jàre, mo sì gbà pé ọmọ náà jàre. Ẹni tí kò bá gba ìṣubú kò lè mọ ìjà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò lè sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, bí ó bá kú, ìdajì ọgbọ́n rẹ̀ bá a wọ sàréè. Kano di àwọn ẹ̀kọ́ méjèèjì mú, kò sì jọ̀wọ́ ọ̀kankan nínú wọn títí ó fi kú.

Nílé Fukuda yìí kan náà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Fukushima Kanekichi, abara bí àpáta, ẹni tí Kano kò lè dá lulẹ̀ bí ó ti wù kí ó gbìyànjú tó. Kí ni kí ó ṣe? Ó tọ ẹnì kan tí ó mọ sumo lọ, ìyẹn ìjàkadì àwọn òmìrán Jàpáànì, ó ní kí ó kọ́ òun ní ọgbọ́n tiwọn. Èyí kò ran Fukushima. Ó gba ilé ìkàwé lọ, ó ṣí àwọn ìwé òyìnbó lórí ìjàkadì ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì rí i níbẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ ẹlòmíràn, kí ó gbé e kọ́ èjìká, kí ó sì yí i dà sílẹ̀. Ó dán an wò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ó fi mọ́ ọn lára, ó padà lọ bá Fukushima, ó sì gbé àpáta náà gba orí èjìká lọ sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọmọ tí ń kọ́ jújítsù ni ó gba sumo kọjá, tí ó ya ilé ìwé òyìnbó, kí ó tó rí ohun tí ó ń wá. Ìgbésẹ̀ náà wà nínú júdò títí di òní, kata-guruma ni wọ́n ń pè é.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1879, nígbà tí Ulysses Grant, ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe àbẹ̀wò sí Tókíò, Fukuda àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Kano pẹ̀lú, wà lára àwọn tí ó fi jújítsù hàn án. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí baba náà fi dolóògbé, ìdílé rẹ̀ sì kó àwọn ìwé ìdílé ìjà náà lé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Iso Masatomo, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú ìdílé Tenjin kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1881, ikú mú Iso náà lọ. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kano tún gbọ̀nà, ó dé ọ̀dọ̀ Iikubo Tsunetoshi, ọ̀gá nínú ìdílé Kito. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun kan: àwọn ará Tenjin mọ bí a ti ń fún ọrùn, bí a ti ń di ènìyàn mọ́lẹ̀, bí a ti ń lu ibi tí ó léwu lára, àwọn ará Kito ní tiwọn mọ bí a ti ń gbé ènìyàn dà nù, nítorí ìjà àwọn tí ó wọ ẹ̀wù irin lójú ogun ni orísun tiwọn. Ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì ṣaláìní, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kọ̀ọ̀kan pa tirẹ̀ mọ́ bí awo, wọ́n ń bura kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọn kò sì jẹ́ kí aládùúgbò yọjú sí i. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ní ọdún 1882, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún 21 láyé yìí dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Kodokan, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ni ní júdò, ìjà tirẹ̀, nínú yàrá tí ó yá ní tẹ́ḿpìlì Eisho-ji ní Tókíò. Ẹní 12 ni ó tẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 9 ni ó sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ara wọn ṣubú, ilé a mì, àwọn wàláà ìrántí òkú tí àwọn àlùfáà tò sórí pẹpẹ a máa wó lulẹ̀. Olórí tẹ́ḿpìlì, tí ó fẹ́ràn Kano, fara dà á títí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Lálẹ́, Kano àti ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan a tan àbẹ́là, wọn a rá wọ abẹ́ ilé, wọn a máa fi igi ti ilẹ̀ pákó tí ó ti sán. Ní ọ̀sán, ó ń ṣe tíṣà ní Gakushuin, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá. Nígbà tí ó bá di òru, ó ń túmọ̀ ìwé òyìnbó kí ó lè rí owó ilé san, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kodokan kò sanwó.

Iikubo ṣì ń wá kọ́ wọn níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1885, ọjọ́ kan dé tí Kano àti ọ̀gá rẹ̀ jọ wọ̀yá ìjà, tí ọ̀gá kò lè dá ọmọ lulẹ̀ rárá, tí ó jẹ́ pé ọmọ ni ó ń gbé ọ̀gá ṣubú léraléra. Ó ya ọ̀gá lẹ́nu, ó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kano ṣàlàyé pé òun ti rí i pé kò sí ènìyàn tí a lè gbé ṣubú nígbà tí ó dúró déédéé, pé kí a kọ́kọ́ mú kí ìdúró rẹ̀ yẹ̀, bí ó bá ń tì wá kí a fà á, bí ó bá ń fà wá kí a tì í, nígbà náà ni kí a tó gbé e. Baba náà, ẹni ńlá ni, kò bínú; ó ní ẹ̀kọ́ tí òun ní fún un ti parí, ó sì kó gbogbo ìwé àṣẹ ìdílé Kito lé e lọ́wọ́.

Ohun tí Kano rí yìí ni ó sọ di ìṣirò fún àwọn tí kò jà rí. Ó ní, ká ní agbára ẹnì kan jẹ́ 10, tí tèmi sì jẹ́ 7. Bí ó bá fi gbogbo agbára tì mí, tí mo sì lo gbogbo tèmi láti dá a dúró, dandan ni kí n ṣubú. Ṣùgbọ́n bí mo bá yàgò fún un, tí mo fà sẹ́yìn bí ó ti ń tì, ara rẹ̀ yóò tẹ̀ síwájú, ìdúró rẹ̀ yóò yẹ̀, agbára 10 tí ó ní kò ní ju 3 lọ mọ́ ní ìṣẹ́jú akàn náà. Èmi tí mo sì dúró déédéé ṣì ní 7 mi lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ ni n ó sì fi ṣẹ́gun rẹ̀. Fukuda ti ṣe èyí sí Kano ní àìmọye ìgbà láìsọ ọ́.

Bí ó ti yọ àwọn ìgbésẹ̀ tí ń ṣẹ́ni léegun kúrò nínú ìdíje, bí ó ti mú ìgbànú dúdú wá láti fi dá àwọn tí ó ti gòkè mọ̀, bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí i Saigo Shiro, akúrú tí ń gbé gíga lulẹ̀, ti ṣẹ́gun àwọn oníjújítsù mìíràn tí àwọn ọlọ́pàá Tókíò sì fi gbà wọ́n ní olùkọ́, èyí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí n fi àkókò ṣòfò lé lórí, nítorí ìwé pọ̀ tí ó sọ ọ́. Ohun tí àwọn oníjà a máa gbàgbé ni pé tíṣà ni Kano, láti òkè délẹ̀. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Kumamoto, níbi tí òǹkọ̀wé Lafcadio Hearn ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó sì ṣe olórí Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga àwọn Olùkọ́ ní Tókíò fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀dọ́ wọn wá kàwé ní Jàpáànì, òun ni ó gbà wọ́n, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Kobun sílẹ̀ fún wọn, ibẹ̀ sì ni Lu Xun, ìlúmọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé Ṣáínà, ti kọ́kọ́ kàwé nígbà tí ó dé.

Ní ọdún 1909, ó di ará Éṣíà àkọ́kọ́ nínú Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé. Nígbà tí Jàpáànì kọ́kọ́ lọ sí ìdíje náà, ní Stockholm ní ọdún 1912, eléré méjì péré ni ó kó dání, ọ̀kan nínú wọn sì ni Kanakuri Shizo, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí oòrùn mú lójú ọ̀nà eré gígùn tí ó fi kúrò níbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1967 ni àwọn ará Sweden pè é padà, tí arúgbó náà sì wá sáré la òpin já.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ibi tí mo ń bọ̀ rè é. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, bí wọ́n bá ti ní ilé tiwọn, wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù ayé. Ọgbọ́n tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọn kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rí. Ní ọdún 1922, tíṣà kan láti erékùṣù Okinawa, Funakoshi Gichin, wá sí Tókíò láti fi kàrátè hàn. Ohun tí Kano ṣe ni pé ó pè é wá sí Kodokan, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ àlejò. Ìtìjú kò bá a, ìlara kò sì gbé e. Funakoshi náà sì yá aṣọ funfun àti ìgbànú júdò fún àwọn oníkàrátè. Ní ọdún 1926, Kano ṣí ẹ̀ka kan fún àwọn obìnrin ní Kodokan. Ọdún 1935 ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé síbẹ̀, Keiko Fukuda, ọmọ ọmọ baba Fukuda tí ń fi ìṣubú dáhùn ìbéèrè, Kano fúnra rẹ̀ ni ó pè é. Arábìnrin yìí gòkè títí, ó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, wọ́n sì fún un ní ipò kẹwàá, èyí tí obìnrin kankan kò dé rí, ní ọdún 2011, ọdún méjì kí ó tó kú ní San Francisco ní ẹni ọdún 99.

Èyí tí ó wá ya àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Kano lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní 1928, nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú Kodokan láti máa kọ́ àwọn ìjà àtijọ́, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá idà ti ìdílé Katori wá kọ́ àwọn tí ó ti di ọ̀gá nínú júdò. Ní 1930, ó gbọ́ nípa Ueshiba Morihei, ọkùnrin tí ń kọ́ ìjà tí yóò di àíkídò lẹ́yìn náà. Kano, tí ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, dìde lọ sílé rẹ̀, ó wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yìn ín láìfi ahọ́n há ẹnu. Àwọn kan nínú àwọn tí ó bá a lọ kò rí ara gba èyí sí, nítorí ó dà bí ẹni pé ọba ń dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè. Òun kò kà wọ́n sí. Ó rán Mochizuki Minoru, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jù, pé kí ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Ueshiba, kí ó sì padà wá jíṣẹ́ ohun tí ó rí.

Ohun kan wà tí ojú rẹ̀ kò kán sí: kí júdò wọ Òlíḿpíìkì. Ní 1936, ó sọ fún Koizumi Gunji, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Budokwai sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, pé bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bá fẹ́ ẹ, òun kò ní dí wọn lọ́nà, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣíwájú nínú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ohun tí àmì ẹ̀yẹ lè sọ ẹ̀kọ́ dà ni ó ń bà á. Ṣùgbọ́n fún Tókíò fúnra rẹ̀ ó ṣíwájú: lọ́dún náà ni Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì dìbò ní Berlin, tí Tókíò fi ìbò 36 borí Helsinki tí ó ní 27, láti gba ìdíje ọdún 1940. Nígbà tí ogun Jàpáànì àti Ṣáínà mú kí àwọn ènìyàn máa kùn, baba yìí tún wọ ọkọ̀, ó lọ gbèjà ìlú rẹ̀ níbi ìpàdé Ìgbìmọ̀ náà ní Cairo ní oṣù Máàṣì 1938. Kò délé mọ́. Lórí ọkọ̀ Hikawa Maru, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gúnlẹ̀ sí Yokohama, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un lọ ní ọjọ́ 4 oṣù Máyù, ní ẹni ọdún 77. Ní oṣù Júláì ọdún náà, ìjọba Jàpáànì dá ìdíje tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lórí padà fún àwọn tí ó ni ín.

Ọdún 1964 ni Òlíḿpíìkì tó dé Tókíò, tí júdò sì wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje júdò náà, Anton Geesink ará Netherlands, òmìrán tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́fà, di Kaminaga Akio mọ́lẹ̀ lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Inú àwọn ará Netherlands dùn débi pé wọ́n fẹ́ rọ́ wọ orí ẹní. Geesink ni ó nawọ́ sókè pé kí wọ́n dúró, títí òun àti ẹni tí òun ṣẹ́gun yóò fi forí balẹ̀ fún ara wọn bí òfin ilé Kano ti wí. Ọ̀pọ̀ ará Jàpáànì ni ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ní tèmi, n kò rí ohun ẹkún níbẹ̀.

Àkókò tí wọ́n fún wa ti ń lọ sópin. Ọ̀rọ̀ Ueshiba tí mo kàn fọwọ́ bà lónìí ni mo ní lọ́kàn láti tú palẹ̀ ní ìjókòó tí ń bọ̀, nítorí òun náà la ilé ọ̀gá púpọ̀ kọjá, ìtàn tirẹ̀ sì ní ìwà ọlọ́run àti ìwà ogun nínú.